Àjèjì Tí Kò Sí Nínú Ilé Rẹ

Gwagwalada,
Abùjá.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2025.

Ọládùnjoyè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ókun o. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti wálẹ̀, kí o sì ti jẹun kí o tó jókòó kà á. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà níhìn-ín, a ń dúpẹ́. Òjò ló kàn fẹ́ gbé wa lọ. Ojú ọ̀nà iwájú ilé wa ti di odò, bàtà rọ́bà ni mo ń wọ̀ dé ìdí bọ́ọ̀sì kí n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé mo jókòó kọ lẹ́tà sí ọ láyé tí a wà yìí, bí ẹni pé a ṣì wà nílé ìwé ní Kábbà. Kí ni kí n ti ṣe? Mo pè ọ́, o gé fóònù mọ́ mi létí. Mo tún pè, o ní bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Jọmílójú ìyàwó rẹ ni, kí n gbé e sápò. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí Wáásàpù, o kà á, o kò dáhùn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. O kò lè gé ìwé mọ́ mi létí. Balkis, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yín, ni mo fi rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ ni kó fi í sí. Jọ̀ọ́, kà á dópin. Bí inú bá bí ọ láàárín, mu omi, kí o tún máa kà á lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù, kí o má baà ní mo ń yí ká. Kò sí ọkùnrin kankan. Ọládùn, kò sí àjèjì kankan nínú ilé rẹ. Fóònù tí o rí lójú kọ̀ǹpútà, tí o ní ti àlè ìyàwó rẹ ni, fóònù ìyàwó rẹ gan-an ni. Mo fi ojú mi rí i, mo sì fi ọwọ́ mi dì í mú. Màá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́, nítorí pé èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láìmọ̀, láti ọjọ́ náà ni n kò sì ti lè jẹun kí ó dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè mí nípa dátà? Ọjọ́ Àìkú ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, abọ́ ìrẹsì wà lórí itan mi. O ní íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń san owó rẹ̀ fún oṣù kan kì í dé ìdajì oṣù mọ́. O ní ó dá ọ lójú pé ẹnìkan nínú ilé alájà tí ẹ ń gbé ní Lokogoma ti mọ pásíwọ́ọ̀dù Wáìfáì yín, ó sì ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní ìyẹn kò le. Mo ní kí o ṣí ojú dúdú tí a máa ń kọ àṣẹ sí lórí kọ̀ǹpútà, kí o tẹ a, r, p, kí o fi àyè sílẹ̀, kí o fa igi kékeré kan, kí o wá tẹ a sí i. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni nọ́ńbà kún ojú kọ̀ǹpútà rẹ. O pariwo, “Festus, kí ni gbogbo èyí?” Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo ń jẹun, mo sì ń ṣe ọ̀gá.

Mo ní gbogbo ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà rẹ ti bá pàdé nínú ilé láìpẹ́ ló ń kà fún ọ yẹn. Mo ní nọ́ńbà ọwọ́ òsì ni èyí tí ráútà, àpótí kékeré tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún yín, ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, bí òtẹ́ẹ̀lì ṣe ń fún àlejò ní yàrá. Lónìí ó lè jẹ́ èyí, lọ́la kí ó jẹ́ òmíràn. Mo ní ti ọwọ́ ọ̀tún, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà tò ní méjì-méjì, òun ni orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà ní ilé iṣẹ́ tó ti jáde. Mo wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo ní, “Ìyẹn kì í yí padà láéláé. Orúkọ tí wọ́n bí i mọ́ ọn ni.” Áà, Ọládùn! Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti fi ìrẹsì yẹn dí ara mi lẹ́nu.

Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ fún ọ o. Nígbà tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ṣùgbọ́n àwọn fóònù ìsinsìnyí ti gbọ́n. Àwọn tó ń ṣe wọ́n rí i pé àwọn èèyàn lè fi orúkọ yẹn ṣọ́ ẹni kiri, láti ilé ìtajà kan sí òmíràn, ni wọ́n bá kọ́ fóònù láti máa dá orúkọ mìíràn sọ ara rẹ̀ bó bá ti wọ Wáìfáì. Àwọn kan nínú wọn tún máa ń pààrọ̀ orúkọ náà bó bá ṣe díẹ̀. Mo mọ èyí dáadáa. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń bójú tó íńtánẹ́ẹ̀tì níbí, ojoojúmọ́ ni fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi èyí dá wa lágara. Ẹni tó ń jí dátà lásán ni mo rò pé à ń wá lọ́jọ́ yẹn, mo sì fi àlàyé tó kù sílẹ̀ kí n lè jẹun. N kò mọ̀ pé o máa gbé e dé orí ìyàwó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu Jọmílójú fúnra rẹ̀ àti ẹnu Bàbá Ọlọ́runtóbi, alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ni mo ti gbọ́ ọ. Bí mo bá ṣì í sọ, bá mi tún un ṣe. Wọ́n ní o kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ ilé yín sílẹ̀: kọ̀ǹpútà rẹ, fóònù rẹ, fóònù Jọmílójú, tẹlifíṣọ̀n, àti èyí tí Níyìolúwa ọmọ yín fi ń wo àwòrán ẹ̀fẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, kò sí olè. Ó yẹ kí o ti ibẹ̀ lọ sùn. Ṣùgbọ́n o ti mọ ọ̀nà, ó sì ti mọ́ ọ lára, kí o máa wò ó bí o bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kí o tó bọ́ bàtà pàápàá.

Ni fóònù Jọmílójú bá gba àtúnṣe tuntun, irú èyí tí fóònù máa ń bèèrè fún, tí a ó kàn tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” láìkà á. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ pòórá lójú kọ̀ǹpútà rẹ, orúkọ àjèjì kan sì bọ́ síbẹ̀. O fi orúkọ náà wá ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. O ní èèyàn tó bá fi ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù rẹ̀ pamọ́, ó ní ohun tó ń bò. O wá bi ìyàwó rẹ pé ta ló fún ní pásíwọ́ọ̀dù. Ó ní òun kò fún ẹnikẹ́ni. O ní kí ló dé tí òun alára kò lo Wáìfáì ilé mọ́. Ó ní, “Mò ń lò ó, Dádì Níyì. Mò ń lò ó lọ́wọ́ báyìí.” O wo ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. O gbà pé ó ń parọ́ fún ọ lójú kòrókòró, pé dátà ló ń rà ní kọ̀rọ̀ kí o má baà mọ ohun tó ń ṣe.

Jọmílójú ní òun na fóònù náà sí ọ. Ó ní òun sọ fún ọ pé, “Òun nìyí, ẹ gbà á, ẹ wò ó fúnra yín.” O kò gbà á. O ní o kò nílò rẹ̀, o ti rí ohun tí o fẹ́ rí. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí pé ká ní o gbà á ni, ká ní o pè mí, ká ní o kàn wo inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí sórí àga ìjókòó yín.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù náà tún pààrọ̀ orúkọ. Èèyàn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun, á sì bèèrè. Ìwọ ní ọkùnrin kejì ti dé! Dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ, kí ìbànújẹ́ tó mú mi. Ọkùnrin méjì, nínú ilé oníyàrá méjì, tí ìwọ pẹ̀lú ara rẹ ń wá ibi tí o máa gbé bàtà sí! Ìwọ tí o máa ń dá fáìlì padà ní ọ́fíìsì nítorí pé ẹnìkan gbàgbé láti fọwọ́ sí ojú ewé kan, ọ̀rọ̀ ilé rẹ wá dé, nọ́ńbà tí kò yé ọ ti tó ẹ̀rí.

Mo tún gbọ́ ti Adékúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ yín. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ọ lọ sí Lọ́kọ́ja, ó bá Jọmílójú gbé sílíńdà gáàsì gun àtẹ̀gùn, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀kalẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. O dá a dúró lẹ́nu géètì lójú àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, o bú u, o bú àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní kò gbó ọ lẹ́nu, pé ńṣe ló ń sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi.” Ó ti kó kúrò nílé náà o, bí o kò bá tíì mọ̀. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí wàhálà. Ohùn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tí kò sí wàhálà fún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ìlọrin ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, níbi ìsìnkú bàbá ìyàwó mi, mo sì máa ń rò ó pé ká ní mo wà ní Abùjá ni, ó lè má dé ibi tó dé. Wọ́n ní o tẹ ohun tó ti hàn lójú kọ̀ǹpútà náà láti ìgbà dé ìgbà sórí ìwé, o fi bírò pupa yí orúkọ méjèèjì ká, o gbé e síwájú àwọn àgbà bí ẹni tó mú ẹran wá láti inú igbó. Ìwé náà lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹni kan bọ́ awò ojú, ẹlòmíràn wọ tirẹ̀. Wọ́n ní Bàbá Ọlọ́runtóbi fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó ṣòro láti bá kọ̀ǹpútà jiyàn, pé kọ̀ǹpútà kò mọ ọkọ, kò mọ ìyàwó, kò ní ojúsàájú. Gbogbo ilé mi orí. Jọmílójú dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ka ohun tó wà nínú ìwé náà fún òun. Kai! Kò sí ẹnìkan nínú ilé yẹn tó lè kà á. Ìwọ tí o mú un wá gan-an kò lè kà á. Òun ni ẹ sì fi dá a lẹ́bi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kó aṣọ rẹ̀ àti ti Níyìolúwa, ó gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àǹtí Modúpẹ́, lọ ní Gwarinpa.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá Ọlọ́runtóbi pè mí. Ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó na ìwé náà sí mi, ó ní, “Festus, ìwọ lo gbọ́ èdè yìí. Bá mi ka orúkọ ọkùnrin náà.” Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wò ó. Èyí tó wà ní ipò kejì nínú orúkọ àjèjì àkọ́kọ́ jẹ́ A. Ti àjèjì kejì jẹ́ 6. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ 2, tàbí 6, tàbí A, tàbí E ló wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí o wá ilé iṣẹ́ náà tí o kò rí i. Kò sí ẹni tó ń sá pamọ́ fún ọ. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Bàbá, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí orúnkún, ó ní, “A ti ba ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ jẹ́.” Ó ní òun ń bọ̀ wá bẹ Jọmílójú fúnra òun, níwájú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó ló sọ bẹ́ẹ̀, Ọládùn.

Mo lọ sí Gwarinpa ní ọjọ́ Sátidé. Níyìolúwa ló ṣí ilẹ̀kùn. O mọ àwọn ọmọ Abùjá yìí, wọn a gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n á fi dáhùn. Ó fi òyìnbó bi mí bóyá Dádì òun ṣì ń bínú sí fóònù Mọ́mì. Mo ní rárá. Ó bi mí pé ìgbà wo wá ni àwọn ń lọ sílé. Mo fún un ní bisikíìtì tí mo rà lọ́nà.

Jọmílójú kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó bu omi fún mi. Ó ti rù. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ yá mi ní fóònù rẹ̀. Kò bi mí ìdí, ó gbé e fún mi ní ṣíṣí. Mo wọ ibi tí fóònù ń tọ́jú orúkọ àwọn Wáìfáì tó ti lò rí sí, mo wá ti ilé yín kàn, mo wo orúkọ tí fóònù náà sọ ara rẹ̀ níbẹ̀, mo wá tẹ́ ìwé rẹ tí mo gbà lọ́wọ́ Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àjèjì kejì gẹ́lẹ́ ni. Kò yàtọ̀ níbì kankan. Mo pariwo! Mo ní, “Jọmílójú, ìwọ ni ọkùnrin náà!” Àǹtí Modúpẹ́ sáré jáde láti ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Jọmílójú nìkan ni kò ṣe nǹkan kan. Ó jókòó, ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó pa iná ojú rẹ̀. Ó wá ní, “Bùrọ̀dá Festus, ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n ohun tí fóònù sọ fún yín yìí, èmi ti sọ ọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tó tẹnu fóònù jáde ló tó di òtítọ́?” Ó tún ní, “Ká ní wọ́n ti jí fóònù yìí lọ́wọ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, tí ẹ dé tí ẹ kò rí i yẹ̀ wò, ṣé alágbèrè ni mo máa jẹ́ títí tí mo fi máa kú nìyẹn?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè yìí kiri. Mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé ọ dé ilé ìwòsàn níbí, ta ló sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ títí wọ́n fi dá ọ sílẹ̀? Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wá, mo rí i. Obìnrin yẹn sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọ, o ní irọ́ ni. Èmi sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ lórí fóònù, ìrẹsì kún ẹnu mi, n kò tilẹ̀ ronú kí n tó sọ ọ́, o sì gbé e lé orí bí ọ̀rọ̀ Bíbélì. Ó dùn mí pé èmi ni o gbà gbọ́. Ǹjẹ́ o gbọ́ ohun tí mo sọ? Ó dùn mí gan-an ni.

Ìyàwó tèmi náà kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa láti ìgbà tó ti gbọ́. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń ṣọ́ òun náà nìyẹn, tí òun kò mọ̀. Mo ní rárá, n kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní ta ló mọ̀. Ó ti pa Wáìfáì fóònù rẹ̀, dátà ló ń rà báyìí. N kò lè bá a jà.

Kí n má gbàgbé, dátà yín tó ń tán, tẹlifíṣọ̀n ni. Níyìolúwa ló sọ fún mi pé bí òun bá ti wo àwòrán tán, òun kì í pa á, òun kàn máa ń gbójú kúrò níbẹ̀ ni, tẹlifíṣọ̀n náà á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Olè tí o ń wá nìyẹn.

Ọládùn, ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Lọ sí Gwarinpa. Má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, má ní kí Bàbá Ọlọ́runtóbi ṣáájú rẹ lọ, má sì kó èèyàn lẹ́yìn. Bí o bá dé ibẹ̀, má ṣe sọ̀rọ̀ A, má ṣe sọ̀rọ̀ 6, má sì sọ pé Festus ti ṣàlàyé fún ọ, pé ọ̀rọ̀ ti yé ọ. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún. Dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó rẹ, kí o sọ fún un pé ó yẹ kí o ti gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó na fóònù sí ọ. N kò mọ̀ bóyá á tẹ̀lé ọ wálé. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀, kò sì sọ pé òun kò ní í bọ̀. Mo wo ojú rẹ̀ títí, n kò lè kà á.

Dárí jì mí fún ipa tèmi. Iṣẹ́ mi ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu oúnjẹ, ilé rẹ ló sì dàrú. Bí o kò bá fẹ́ rí mi fún ìgbà díẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n má fi ìbínú tí o ní sí mi jẹ obìnrin yẹn níyà.

Kí Ọlọ́run tó so yín pọ̀ fún ọ ní ọ̀rọ̀ tó máa wọ̀ ọ́n létí. Kí ó fún ọ ní ìrẹ̀lẹ̀ tó máa gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà náà, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o dé ibẹ̀ nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò. Kí Níyìolúwa dàgbà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Kí ilé yín tún rí ẹ̀rín. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kó sùn,
Festus.

Àfikún: Mo mọ̀ ọ́, Ọládùn. Bí o bá ti ka lẹ́tà yìí tán, ìdí kọ̀ǹpútà ni ẹsẹ̀ rẹ máa gbé ọ lọ, kí o lọ wò ó bóyá òótọ́ ni mo sọ. Mo lè kọ orúkọ tí mo rí nínú fóònù Jọmílójú síbí kí o fi wé tìrẹ, bírò ti dé orí ìwé, mo gbé e kúrò. Mo bẹ̀ ọ́, má wò ó. Nígbà tí mò ń lọ, Jọmílójú sìn mí dé ìdí géètì. Ó ní bí o bá wá, ohun kan ṣoṣo ni òun máa bi ọ́ kí òun tó ṣílẹ̀kùn: ṣé o kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó wá?